Ọjọ́ Tí Ládàánì Rẹ Ohùn Sílẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, aago kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo agboolé wa ní ìsàlẹ̀ Mápó, aago náà kò sì ṣiṣẹ́. Ara ògiri yàrá baálé ni wọ́n gbé e kọ́ sí, ó sì ti dúró sórí aago mẹ́rin kí wọ́n tó bí mi. Ohùn ládàánì la fi ń mọ àkókò. Bó bá pe ìrun Àsùbáà, àwọn ìyá wa á dìde, wọ́n á gbálẹ̀. Bó bá pe ti ọ̀sán, ebi ti ń pa wá níléèwé nìyẹn. Bó bá wá pe ti ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń pè ní Mọ̀gáríbì, oòrùn ti wọ̀, kí olúkúlùkù ọmọ máa wá ilé ìyá rẹ̀ lọ. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú agboolé wa, yàrá àwa onígbàgbọ́ kò ju mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ohùn kan náà ló ń darí gbogbo wa.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ èyí. Èmi alára ni ara mi kò balẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo bá jókòó, màá tún dìde. Tí mo bá dìde, màá gbàgbé ohun tí mo dìde fún. Ohun kan wà tó yẹ kí n ti sọ láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì gbé e pa mọ́ títí irun orí mi fi funfun.

Ládàánì tí mò ń wí yìí, àbúrò ìyá àgbà mi ni, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìyá àgbà gba Jésù nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge, àbúrò rẹ̀ dúró nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Ìyẹn kò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Nígbà tí ọkọ ìyá àgbà kú, agboolé bàbá wọn ló padà sí, èmi sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí kékeré tí àbúrò rẹ̀ ti ń pe ìrun àti ṣọ́ọ̀ṣì wa kékeré, ọ̀nà tóóró kan péré ló là wọ́n láàárín. Kò sí gbohùngbohùn nígbà náà. Orí òkúta kan lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni bàbá náà máa ń gùn, á fi ọwọ́ bo etí, á sì fi ohùn ara rẹ̀ pe ìrun. Àwọn kan ní àwọn ń gbọ́ ọ ní Bẹẹrẹ. Mi ò gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n ohùn náà dùn, mi ò jẹ́ parọ́.

Ìyá àgbà ní tirẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ìsọjí ńlá kan ti ṣẹlẹ̀ ṣójú rẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn ń ti orí òkè Mápó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹkún, wọ́n ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn lójú títì láìsí ẹni tó fi ipá mú wọn. Ó ní ọkùnrin kan tó jí ewúrẹ́ fa ewúrẹ́ padà lọ fún ẹni tó ni ín, ewúrẹ́ náà sì ti bímọ méjì, gbogbo wọn ló kó lọ. Tó bá dé ibi ewúrẹ́ yìí, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ á yí padà. Nítorí pé gbogbo rẹ̀ ti tutù. Nígbà tèmi, oorun làwọn àgbà ń sùn nínú ìwàásù, orin ẹnu lásán là ń kọ. Ìyá àgbà kò lè gbà á mọ́ra. Bó bá ń lọ ata, ẹ óò gbọ́ ọ: "Olúwa, kí n tó kú, kí n tún rí i lẹ́ẹ̀kan sí i." Bó bá ń sá aṣọ, ohun kan náà ni. Ó lè wà nídìí oúnjẹ kó ṣàdédé dìde, kó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó máa wo ojú ọ̀run. Mo rò pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kó àìbalẹ̀ ara yìí.

Lọ́dún kan, ó kó àwọn obìnrin ìjọ jọ, wọn kò ju mẹ́wàá lọ, ó ní kí àwọn gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìsọjí. Wọn kò ní jẹ, wọn kò ní mu omi, láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Wọ́n á kó ọjà wọn nílẹ̀ ní Ọjà'ba kí ọ̀sán tó pọ́n tán, wọ́n á wá jókòó lórí ẹní nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa gbàdúrà. Ohùn ládàánì ni wọ́n sì fi ń ṣínu. Àwọn ọkùnrin kan nínú ìjọ kùn sí i, wọ́n ní kí ló kan onígbàgbọ́ kan ìpè Mùsùlùmí. Ìyá àgbà bi wọ́n pé, "Ṣé oòrùn tiwọn yàtọ̀ sí tiwa ni? Àbúrò mi kì í ṣi àkókò pè." Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹnì kan wà nínú àwọn obìnrin náà tí mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Aláró ni, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgúnpá, ẹ̀rù ọwọ́ náà sì máa ń bà mí. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí, lóun nìkan. Ọdún mẹ́fà ṣáájú ìgbà náà ni ìyá àgbà gbé aṣọ funfun kan fún un pé kó bá òun pa á láró. Nígbà tí aṣọ dé, ìyá àgbà wọ̀n ọ́n, ó ní ọ̀pá kan àbọ̀ ti dín níbẹ̀. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn ní agboolé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Ìsàlẹ̀ Òsì ti gbọ́ pé aláró gé aṣọ oníbàárà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá kí i, kíkí àfipá ṣe ni. Síbẹ̀ kò fi ìjọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde ààwẹ̀, òun ló kọ́kọ́ dé.

Èmi náà gba ààwẹ̀, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ààwẹ̀ ọmọdé ni, ó parí lọ́sàn-án. Nírọ̀lẹ́, iṣẹ́ mi ni pé kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìkòkò omi, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà, kí n máa dúró de ohùn bàbá ládàánì. Bó bá ti pè, kí n máa bu omi.

Ọjọ́ kìíní kọjá, kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ kejì náà lọ bẹ́ẹ̀. Kí n sọ òótọ́ fún yín, àdúrà wọn gbẹ. Wọ́n á gbàdúrà fún ọkọ, wọ́n á gbà á fún ọmọ, fún ọjà, fún ìlú, lẹ́yìn náà wọ́n á kọ orin ìparí, ẹnu wọn kò sì ní tíì kúrò nínú orin náà tí bàbá yóò fi pe ìrun. Wọ́n ti mọ bí àdúrà ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó. Ìyá àgbà nìkan ló máa ń gbé ife omi dání láìmu ún, tó máa ń wò ó bí ẹni tí wọ́n fún ní ohun tí kò béèrè.

Lọ́jọ́ kẹta, òjò ṣú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run ti dúdú bí omi aró, wọ́n tan àtùpà sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Òjò rọ̀ sórí páànù bí ẹni ń da òkúta sí i, nígbà tó yá ó rọlẹ̀, ó di wínniwínni. Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá oòrùn ti wọ̀ tàbí kò tíì wọ̀. Wọ́n gbàdúrà ọkọ, wọ́n gbàdúrà ọmọ, wọ́n gbàdúrà ọjà àti ìlú. Wọ́n kọ orin ìparí. Wọ́n dúró.

Ohùn kò wá.

Ẹnì kan ní kí wọ́n tún fi ọ̀kan sí i. Wọ́n fi ọ̀kan sí i. Wọ́n tún orin ìparí kọ. Ohùn kò wá. Ẹnu ti gbẹ, orin náà kò já geere mọ́. Mo gbọ́ tí ìyá àgbà ní, "Olúwa, ó ti rẹ̀ mí. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè wí. Kí ló kù? Kí ló kù tí mi ò tíì ṣe?"

Níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ yìí ni mo rí bàbá ládàánì. Ó ń bọ̀ láti ilé, ó gbé búútà tó fi ṣe àlùwàlá dání, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wa. Omi ń kán láti orí páànù sí fìlà rẹ̀, kò yẹra. Ó ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó yíjú, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àkàrà mi, ó sì fi ìka kan ètè, ó mi orí sí mi díẹ̀díẹ̀. Ó kọjá lọ. Kò gun orí òkúta. Ó wọ inú mọ́ṣáláṣí, ó fa ìlẹ̀kùn dé, mo sì gbọ́ ohùn kékeré kan níbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé ìpè nìyẹn. Ẹ̀kọ ti ń tutù, ebi sì tún ti ń pa mí. Mo la ẹnu kí n wí pé, "Ìyá, wọ́n ti pè é o." Mo pa ẹnu dé. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, bóyá ìbẹ̀rù bàbá ni.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ ti tán. Wọ́n ti gba gbogbo àdúrà tí wọ́n mọ̀, wọ́n ti kọ gbogbo orin, gbogbo wọn wá dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láàárín ẹ̀rọ lónìí, mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn fún yín. Kò sẹ́ni tó húkọ́. Omi tó ń kán lẹ́yìn fèrèsé nìkan là ń gbọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ìyá àgbà sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe ohùn àdúrà ló fi sọ ọ́, ohùn tó fi ń bá wa sọ̀rọ̀ ní ìdáná ni.

"Aṣọ yẹn wà nínú àpótí mi."

Ó yíjú sí ẹ̀yìn, síbi tí aláró wà.

"Èmi ni mo gé e, mo fẹ́ fi ṣe ìborùn, mo sì gbàgbé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo rí i nísàlẹ̀ àpótí. Ojú tì mí láti sọ. Kò jí nǹkan kan. Olúwa, kò jí nǹkan kan, èmi ni mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́."

Aláró kò dìde. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà, orí ìkúnlẹ̀ yẹn ló sì fi wọ́ láti ẹ̀yìn dé iwájú. Mo rò pé yóò lù ú. Ó ní, "Ìyá, ọdún mẹ́fà! Ọdún mẹ́fà lẹ fi jẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ mi lọ́mọ olè." Ẹkún sì gbà á, ó fi ọwọ́ dúdú méjèèjì yẹn di ìyá àgbà mú, ìyá àgbà náà di í mú, àwọn méjèèjì wólẹ̀ sórí ẹní. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹlòmíràn ti ń jẹ́wọ́ tirẹ̀, òmíràn ti ń pe orúkọ ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó lé jáde nílé. Ariwo ẹkún jáde sí agboolé. Àwọn èèyàn sá wá, onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí, wọ́n dúró sábẹ́ òrùlé, àwọn kan wọlé, wọ́n kúnlẹ̀ sí ibi tí wọ́n rí. Kò sẹ́ni tó rántí oúnjẹ. Rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo jẹ àkàrà méjì.

Lọ́jọ́ Sunday, ìyá àgbà fa aláró lọ́wọ́ dé iwájú ìjọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé, Ìsàlẹ̀ Òsì, Bẹẹrẹ, Ọjà'ba, gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dé, ó ń sọ pé òun ni olè, kì í ṣe aláró. Ìjọ kún débi pé wọ́n gbé bẹ́ńṣì síta. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà kú, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ó ti rí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ wá gbọ́ tèmi. Àwọn obìnrin náà kọ́kọ́ ń sọ pé, "Ládàánì kò pe ìrun lọ́jọ́ yẹn." Nígbà tó yá, ó di, "Ọlọ́run ni kò jẹ́ kó pe ìrun." Kí ọdún díẹ̀ tó kọjá, ó ti di ẹ̀rí ńlá: Ọlọ́run dí ládàánì lẹ́nu kí ìsọjí lè dé! Ọdọọdún ni ìjọ wa ń ṣe ìdúpẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Bí àwọn àgbà sì ṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ni wọ́n ń pè síwájú, nítorí ó ṣojú mi. Mo sì ń sọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ gbọ́ ọ. Tí mo bá ti dé ibi tí Ọlọ́run ti dí ládàánì lẹ́nu, ìjọ á hó, halelúyà á gba gbogbo ilé. Ariwo yẹn máa ń dùn mọ́ mi. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń dùn tó.

Kì í ṣe pé mi ò mọ òótọ́ o. Iléyá ọdún kan, nígbà tí mo ti wà nílé ọkọ, mo lọ kí bàbá ládàánì, ó ti darúgbó, mo sì bi í. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ló dá mi dúró. Mo mọ̀ pé bí mo bá gun òkúta yẹn, wọ́n á dìde lọ mu ẹ̀kọ ni. Mo wá pè é nínú ilé, mo rẹ ohùn sílẹ̀. Ọlọ́run gbọ́ ọ, àwọn tó fẹ́ kírun lẹ́yìn mi gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mi ò fẹ́ kó gbọ́." Ó ní odidi ọ̀sẹ̀ kan làwọn àgbà mọ́ṣáláṣí fi bá òun wí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jẹ ẹran Iléyá rẹ̀, mo lọ sílé. Nígbà tí ọjọ́ ìdúpẹ́ tún dé, mo bọ́ síwájú, mo tún sọ pé Ọlọ́run dí i lẹ́nu.

Nígbà tí gbohùngbohùn dé, ọ̀kan nínú tiwa kọjú sí mọ́ṣáláṣí. Bàbá wà láyé, ó ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n ní ṣe ló máa ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Ẹran Iléyá kò wá sílé wa mọ́. Ìrẹsì Kérésì wa náà kò lọ mọ́. Wọ́n mọ ògiri dí ọ̀nà tóóró yẹn, ẹnì kan sì ri àfọ́kù ìgò mọ́ orí rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá àwa ni tàbí àwọn ni.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Aago wà ní àpò gbogbo ènìyàn báyìí. À ń gba ààwẹ̀ ju ti ìyá àgbà lọ fíìfíì, ọjọ́ mọ́kànlélógún, ogójì ọjọ́, fóònù á dún láago mẹ́fà, àmín, a ti dìde nìyẹn. Tí ládàánì, tó jẹ́ ọmọ ọmọ bàbá yẹn nísinsìnyí, bá ń pe ìrun ọ̀sán, àwọn ọmọ wa á fi dùùrù kíbọ́ọ̀dù bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà á gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ sókè sí i. Iná ìsọjí là ń ké pè láàárín gbogbo rẹ̀. Èmi náà ń ké pè é, mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kú, mo fẹ́ ẹ débi pé ara ń ta mí. Lọ́dún yìí, lọ́jọ́ kẹta ààwẹ̀, mo pa fóònù mi. Mo jókòó títí àdúrà mi fi tán. Mo béèrè ohun tí ìyá àgbà béèrè, pé kí ló kù. Mi ò tíì sọ ọ́ tán tí mo fi rí bàbá arúgbó náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí omi ń kán sí fìlà rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, wọ́n tún pè mí síwájú. Gbogbo wọn ti múra halelúyà sílẹ̀. Mo di gbohùngbohùn mú, ohùn mi ń lọ dé mọ́ṣáláṣí bí ti tẹ́lẹ̀, mo sì sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, láti orí búútà dé orí ìka tó fi kan ètè. Mo ní Ọlọ́run kò dí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo ní Mùsùlùmí kan ló fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fún wa láyè, èmi ni mo sì fi irọ́ san án fún un lójú àwọn ọmọ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó hó. Pásítọ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀, nítorí ó ti kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun ọ̀sán ní ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri, a sì máa ń fẹ́ fi àdúrà Oore-ọ̀fẹ́ parí ìsìn kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹ dákun sà, ẹ má tíì ní ká dìde."

A gbọ́ tí ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí kùn lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe máa ń kùn tí ọmọ ọmọ bàbá yẹn bá fẹ́ pe ìrun. Ọmọ tó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù gbé ọwọ́ sókè láti tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà a gbọ́ tí wọ́n pa ẹ̀rọ náà.

A dúró. Àkókò ìrun ti tó, ó ti kọjá. Ohùn kò wá.

Ọmọ tó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí itan. Lẹ́yìn, níbi tí aláró máa ń jókòó sí láyé ọjọ́un, mo gbọ́ tí ẹnì kan kúnlẹ̀.